Ẹ̀yìn Pátákó Bàbá Ṣàíbù

Wọ́n ní Rasaq ni. Wọ́n ní òun ló mú wọn... àbí báwo ni wọ́n ṣe mọ ilé? Ọkọ̀ dúdú yẹn, wọ́n ní iwájú ló jókòó sí, ní ráńdábáọ̀tù Ìkòtún, lọ́sàn-án gangan, tóun àti obìnrin náà jọ ń rẹ́rìn-ín... Ẹni tó bọ́ ọ fún ọdún méjìlá... ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ ṣá. Wọ́n ní ó sọ fún un pé ọ̀gá òun...

Ibẹ̀ ni Mọ̀nsúrát aládùúgbò wa máa ń bá a dé, tí á bojú wẹ̀yìn, tí á sì gbé ike omi rẹ̀ rù. Kò parí rẹ̀ rí. Nídìí ẹ̀rọ omi tó kọjú sí ilé wa ní Ìgàndó ló ti ń sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ á gbé e dé ọjà Ìkòtún, á fi ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ parí rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa padà sétí wa, Rasaq á ti di ẹni tó ta ọ̀gá rẹ̀ fún ìjọba.

Èmi náà máa ń wà nídìí ẹ̀rọ omi yẹn. Mo máa ń ti ike mi síwájú díẹ̀díẹ̀, mo máa ń wolẹ̀. Fàdìlàt ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n "ọmọ tí ò lẹ́nu" ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, torí mò ń kólòlò, mi ò sì í sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí mo bá dé.

Ọ̀gá tí wọ́n ń sọ yẹn, bàbá àgbà mi ni, Ṣàíbù agbẹ́gilére. Ọmọ onílẹ̀ ni Bàbá. Nígbà tí àwọn àbúrò wọn ń ta ilẹ̀ tí wọ́n ń ra ọkọ̀, igi ni Bàbá ń gbẹ́. Àwọn ẹbí máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá ni ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó ń làágùn kó tó jẹun. Màmá àgbà mi, Cecilia, ará Èkìtì ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ọmọ ń sín mi jẹ níléèwé, Màmá ní kí n jókòó sílé, àwọn á kọ́ mi fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí: wọ́n á ka nǹkan sí mi létí, èmi á kà á padà. "Bó ṣe rí gan-an," ni Màmá máa ń wí. "Má yọ, má fi kún un." Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un, a ó tún padà síbẹ̀rẹ̀ ni. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé tó bá ti jẹ́ kíkà padà, mi kì í kólòlò.

Pátákó ni Bàbá ń gbẹ́ jù. Ilẹ̀kùn, àti pátákó ara ògiri tó ga ju èèyàn lọ, tó kún fún ẹlẹ́ṣin, àwọn ọdẹ, àwọn obìnrin tó ń gúnyán. Igi tó nípọn bẹ́ẹ̀, tí a kò bá yọ inú rẹ̀ látẹ̀yìn, bó bá ti ń gbẹ ni á máa là. Nítorí náà, kò sí agbẹ́gilére tí kì í yọ ẹ̀yìn igi. Ikùn igi la ń pè é nílé wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kálukú yàtọ̀. Ti àwọn ẹlòmíràn á rí roboto bí inú abọ́. Ti Bàbá dà bí ewé kókò, ó fẹ̀ lókè, ó ṣóńṣó nísàlẹ̀, Bàbá á wá fi irin ṣá etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó ṣe wà lọ́wọ́ bàbá tó bí wọn nìyẹn. A kì í kọ orúkọ síwájú iṣẹ́, ìgbéraga ni. Ikùn igi yẹn ni orúkọ. A kì í sì í fi ẹ̀yìn iṣẹ́ han àlejò. Tí oníbàárà bá ní kí wọ́n yí i padà kóun wò ó, Bàbá á ní, "Alàgbà, ṣé ojú agbo lẹ ti máa ń bọ́ṣọ lára ìyàwó tí wọ́n bá fà lé yín lọ́wọ́?" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, oníbàárà náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pátákó á sì parí síbẹ̀.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Bàbá mú èmi àti Rasaq lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Erékùṣù. Rasaq ni ọmọṣẹ́ wọn. Ó ti lé lógún ọdún kó tó wá kọ́ṣẹ́, òun nìkan ló sì kù, torí àwọn tó kù ti sá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to táìsì. Nínú ilé yẹn, òpó kan wà, obìnrin tó kúnlẹ̀ tó pọnmọ. Bàbá dúró níwájú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Páálí kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ òyìnbó sí. Bàbá ní kí n kà á fún àwọn. Mo túmọ̀ rẹ̀: "Òpó ilé. Agbẹ́gilére rẹ̀, a kò mọ̀ ọ́n."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Bàbá wá na ọwọ́ gba ẹ̀yìn òpó náà, wọ́n ń fọwọ́ tá a lẹ́yìn bí afọ́jú tó ń wá ojú ọmọ rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti ń sáré bọ̀.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Wá fọwọ́ kan ibí. Ewé kókò ni."

"Hẹn-ẹ́n. Gbogbo àgbàlagbà tó bá wọlé síbí, bàbá tiwọn náà ló gbẹ́ nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún sẹ́yìn."

Bàbá sún sẹ́yìn. A wọkọ̀ títí a fi dé Ìyànà Ìpájà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wò mí, wọ́n ní, "A kò mọ̀ ọ́n. Ta ni wọ́n bi?"

Mi ò gbàgbé ìbéèrè yẹn. Òun ló kó bá mi.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni obìnrin kan dé. Ó ní Olúwaṣìkẹ́mi lorúkọ òun. Ọ̀wọ̀ wà lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá débi pé eruku igi lẹ̀ mọ́ ọn lórúnkún, kò sì gbọ̀n ọ́n. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun kan, iṣẹ́ òun sì ni kí òun máa kiri ilé àwọn àgbà agbẹ́gilére. "Bàbá, orúkọ la wá kọ. A ò fẹ́ 'a kò mọ̀ ọ́n' mọ́." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo rí i tí ojú Bàbá yí padà.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ló fi wá. Búrẹ́dì ló máa ń mú wá fún Màmá. Ó máa ń gbé fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn Bàbá sílẹ̀, Bàbá á sì máa rò ó fún un, ibi tí wọ́n ti ń rí igi ọmọ̀ nígbà tí igbó ṣì wà ní Ayọ̀bọ̀, oṣù tó yẹ kí wọ́n gé e, àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe kí irin tó kan igi. Lọ́jọ́ kejì, ó mú àwòrán pátákó ńlá kan jáde, pátákó ọlọ́dẹ àti ẹlẹ́ṣin.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ èyí?"

Bàbá wò ó. "Ó lè jẹ́ èmi. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Iwájú jọra, ọmọ mi."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá wá bi í bóyá ojú agbo ni wọ́n ti máa bọ́ṣọ tirẹ̀ nígbà tó bá ń relé ọkọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, mo rí i tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá àti Màmá lọ kí àwọn tó ṣòfò ní Ayọ̀bọ̀. Rasaq ń fi ayùn rẹ́ igi lẹ́yìnkùlé. Obìnrin náà ò bínú pé Bàbá ò sí nílé. Ó jókòó tì mí lórí ìtì igi, ó ní, "Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún mi. Bí mo bá ń kólòlò, àwọn èèyàn máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n rò pé àánú ni. Obìnrin yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró. Ó wo ojú mi, ó dúró títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ará ilé mi, mi ò tíì rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ó ní ọkùnrin kan ní ìlú mìíràn ti sọ pé òun lòun gbẹ́ pátákó ọlọ́dẹ yẹn. Ó ní wọ́n máa kọ orúkọ ọkùnrin náà sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á sì gbé e síbi tí gbogbo ayé á ti máa rí i. Ó wá mú àwòrán mìíràn jáde. Ẹ̀yìn pátákó náà ni. Mo rí ewé kókò. Mo rí ṣíṣá mẹ́ta létí rẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀. Mi ò kólòlò.

Mo tún mú un wọ inú ìsọ̀ tí Bàbá ti ń gbẹ́gi. Mo yí pátákó tí Bàbá ń gbẹ́ lọ́wọ́ padà, mo fi ìka sétí ikùn igi kó lè rí i dáadáa, ó sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, Rasaq ní òun fẹ́ ra sáńpépà ní Ìkòtún, obìnrin náà bá ní kó wọnú ọkọ̀ dúdú òun kóun sọ̀ ọ́ síbẹ̀. Ìrìn yẹn ni gbogbo ayé rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọlé láàárọ̀, aṣọ lásán ni wọ́n wọ̀, wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn. Rasaq ti lọ wo gẹdú ní Ayọ̀bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn mú ìwé kan tí wọ́n tẹ àwòrán méjì sí, ó nà án sí Bàbá. Àwòrán kan ni ẹ̀yìn pátákó ọlọ́dẹ. Ìkejì ni èyí tí obìnrin náà ya nínú ìsọ̀ wa. Ìka mi wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú làálì tí mo lé níbi ìgbéyàwó ọmọ Mọ̀nsúrát.

Bàbá wo ìwé náà. Bàbá wo ọwọ́ mi. Làálì ọ̀hún ò tíì ṣí. Mo yára fà á wọ abẹ́ híjáàbù. Bàbá wá gbé àtàńpàkò lé ìka inú àwòrán náà, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, wọn ò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ni Bàbá wí. "Méjèèjì."

"Inú ihò yìí la ti bá ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi wà lára ògiri níbi tí àwọn ènìyàn ńlá ti ń ṣèpàdé, tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ fún àwọn ará òkèèrè. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò sí i?"

"Igi ni."

"Bàbá, a ò wá ṣeré o."

"Èmi náà ò ṣeré. Tí mi ò bá gbẹ́ ẹ, á là."

"Ta lẹ tà á fún?"

"Ọkùnrin kan wá, ó rà á, ó gbé e lọ. Mi ò bi í lórúkọ. Òun náà ò bi mí."

Òótọ́ ni Bàbá sọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wá ò mọ̀ pé igi ń là. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí Bàbá máa bọ̀. Màmá sáré mú fìlà Bàbá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ti lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Èmi àti Màmá ti dé Ìkẹjà, a ti dé Erékùṣù, ibi tí wọ́n bá júwe fún wa là ń lọ. Nọ́ńbà obìnrin yẹn ò lọ mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun tó wí, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Ní gbogbo ọ́fíìsì tí a bá dé, Màmá á dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, wọ́n á dárúkọ Bàbá, wọ́n á pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí akọ̀wé má baà ṣì í kọ. Akọ̀wé á ṣí ìwé, á fi bírò wá a láti òkè délẹ̀.

"Màmá, kò sí orúkọ yẹn nínú ìwé wa."

"Ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó, mà. Ẹni tẹ́ ẹ ń wá yìí, a ò mọ̀ ọ́n."

Ìgbà kẹta tí mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo jáde lọ bì sí ẹ̀bá gọ́tà. Màmá rò pé oòrùn ni.

Ṣé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ? Lójoojúmọ́ ni mo ń múra àtisọ. Mo máa ń jí pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu. Tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ Màmá, tí mo rí fìlà Bàbá lórí àga, màá gbé ike mi, màá jáde lọ pọnmi. Nígbà tí Mọ̀nsúrát bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, Ọlọ́run ló mọ̀ mí, ara tù mí. Mo gbọ́ orúkọ Rasaq, mo sì gbé omi mi wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn géńdé àdúgbò dá a dúró ní kọ́nà wa. Wọ́n ní ọwọ́ tó tọ́ka ilé ọ̀gá rẹ̀, àwọn fẹ́ rí i. Inú báàgì rẹ̀ ni wọ́n ti yọ òòlù ìgbẹ́gi tí Bàbá fún un lọ́jọ́ tó gba fírídọ̀ọ̀mù. Òun ni wọ́n fi fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn tó ń to egungun ní á jinná, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta ò ní ká mọ́.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun àsárì, Bàbá Sùrájù pe ìpàdé sí pálọ̀ wọn. Àbúrò Bàbá ni wọ́n, àwọn sì ni olórí ẹbí. Wọ́n gbé Kùránì sórí tábìlì kékeré. Rasaq á búra pé òun kọ́ lòun ta ọ̀gá òun. Tí ò bá lè búra, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìgàndó. Màmá jókòó síbi fèrèsé, wọn ò dá ìkíni Rasaq lóhùn. Èmi wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Màmá.

"Kí lo bá obìnrin yẹn sọ nínú ọkọ̀?" Bàbá Sùrájù bi í.

"Mo ní kó rọra, gọ́tà wà níwájú. Mo tún ní kó sọ̀ mí níbi tí wọ́n ti ń ta sáńpépà. Ó parí."

"Ọ̀rọ̀ gọ́tà ló wá dùn tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?" Mọ̀nsúrát ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, torí kò sẹ́ni tó pè é wọlé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ẹ dákẹ́ jàre. Rasaq, ó yá."

Rasaq dìde. Ó na ọwọ́ òsì sí Kùránì.

"Ọwọ́ ọ̀tún," ni Bàbá Sùrájù wí.

Rasaq fa ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún nínú aṣọ tí wọ́n fi so ó kọ́rùn. Ó ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó ń wa eyín pọ̀. Mo rí àwọn ìka náà. Wọ́n ti wú, wọ́n ti dúdú. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù lórí ilẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ewé kókò.

Mo dìde. "È-è-è-è..."

"Ẹ bá a bu omi," ni Mọ̀nsúrát wí.

"È-è-è-è..."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá Sùrájù ní, "Fàdìlàt, ṣé o fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé ni?" Mo mi orí. Mo yọ ọwọ́ mi lábẹ́ híjáàbù, mo nà án, ìka tí mo fi sétí ikùn igi lọ́jọ́ yẹn. Kò sí làálì níbẹ̀ mọ́. Kò yé ẹnikẹ́ni, àfi Màmá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú Bàbá. Wọ́n wo ìka náà, wọ́n wo ojú mi. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn tíṣà ni wọ́n fi sọ ọ́, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

"Kà á padà. Bó ṣe rí gan-an. Má yọ, má fi kún un."

Mo di ojú mi.

"Obìnrin náà ní, 'Fàdìlàt, ta ló gbẹ́ èyí?' Mo ní, 'Bàbá mi ni. Ẹ wo ewé kókò yẹn, ẹ wo ṣíṣá mẹ́ta létí rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń gbẹ́ ikùn igi bẹ́ẹ̀. Ṣàíbù lorúkọ wọn, ibí yìí sì nilé wọn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n rí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n.'"